Alùpùpù Ọdẹ́jìmí Nínú Igbó Àìdébẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá gbé iṣu kaná kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó jókòó, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ò ní dúró de ẹni tó bá dìde láàárín. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Ọdẹ ni mí, ọdẹ ni baba mi, ohun tí mo sì ti rí nínú igbó pọ̀ ju irun tó kù lórí mi lọ. Ṣùgbọ́n lónìí, n kò ní sọ ti ara mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ara mi dùn. Ọdẹ́jìmí ará Òkè-Ìṣin ni n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ ọdẹ wa, ẹni tó pa ẹfọ̀n mẹ́fà láyé rẹ̀ tó sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé méje ni. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn náà, mo sì ti yọ irọ́ tó wà níbẹ̀ kúrò. Èyí tó kù, òtítọ́ ni, àfi ibi tó bá dùn jù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́jìmí bí, Ọdẹ́fúnkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà lọ sílé ọkọ ní Ìdòfẹ̀, ìlú kan tó wà lódìkejì igbó ńlá, ó sì lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀ láìgbọ́ ẹkún ọmọ nínú yàrá rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá. Ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ títí, baba rẹ̀ sì dẹ́kun lílọ síbi ìsọmọlórúkọ ẹlòmíràn, ó ń sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Nígbà tí oyún dé, ìyá Ọdẹ́fúnkẹ́ kẹ́rù, ó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ọdẹ́jìmí nìkan ló kù nílé tó ń fetí sọ́nà.

Àfi bí ìránṣẹ́ ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí omi odò ṣì ń kán lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Baba, Ọdẹ́fúnkẹ́ ti bí obìnrin. Tọmọ-tìyá ló wà ní àlàáfíà. Òní ló pé ọjọ́ karùn-ún. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ń fetí sí ìró alùpùpù yín."

Ọdẹ́jìmí jó yí àgbàlá rẹ̀ ká títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀ sínú omi ewúrẹ́. Nígbà tó mí kanlẹ̀ tán, ó wá rántí ohun tó wà nílẹ̀. Ní Ìdòfẹ̀, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń sọmọ lórúkọ, kí oòrùn tó kan àtàrí. Baba tó bí ìyá ọmọ ló ni orúkọ kan níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gbé ọmọ náà lọ́wọ́ kó pe orúkọ ọ̀hún sí i létí. Bí oòrùn bá kọjá àtàrí tí kò tíì dé, orúkọ ilé ìyá ti bọ́ nìyẹn, wọn kì í fi í kún un lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo ìdílé Ọdẹ́jìmí, Ọdẹ́fúnkẹ́ nìkan ló kù tó ń jẹ́ Ọdẹ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn yòókù ti kú, tàbí kí wọ́n ti sọ ara wọn ní orúkọ mìíràn. Bí ó bá pẹ́, orúkọ tí baba ńlá wọn ti ń jẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ yóò parí sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni ti ọ̀nà. Àgbàrá ti gbé afárá ojú títì lọ, ọkọ̀ kankan ò lè kọjá. Ìránṣẹ́ yẹn lúwẹ̀ẹ́ ni, Ọdẹ́jìmí ò sì mọ odò wẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ọ̀nà àtijọ́ tó la Igbó Àìdébẹ̀ kọjá, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko lórí alùpùpù fún ẹni tí orí bá bá ṣe é. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ṣe rí. Ọ̀nà iwin ni, ó máa ń gùn nígbà tí inú bá ń bí i.

Ọdẹ́jìmí gun Ẹfọ̀n, bẹ́ẹ̀ ló ń pe alùpùpù rẹ̀, ó di ìsọ̀ Rábíátù. Rábíátù yìí, opó Bùsàrí mẹkáníìkì ni. Bùsàrí kú, ó fi sípánà sílẹ̀. Rábíátù kó sípánà náà, ó sì wá mọ̀ ọ́n lò ju ẹni tó ra wọ́n lọ.

Ọdẹ́jìmí ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Rábí, rọ epo kún tánkì fún mi. Ìdòfẹ̀ ni mò ń lọ, mo sì fẹ́ máa lọ báyìí."

"Ẹ kú oríire o, Baba Ọdẹ́fúnkẹ́. A ti gbọ́, inú wa dùn. Ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà?"

"Igbó Àìdébẹ̀."

Rábíátù ní, "Ìbọn yín ńkọ́? Ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ Ọdẹ́jìmí nínú. Ó ṣàlàyé bó ṣe tú ìbọn náà palẹ̀, bó ṣe fi àkísà nu inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bó ṣe sá ẹ̀tù sóòrùn, bó ṣe yìn ín sókè lẹ́ẹ̀kan kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní ọdẹ tó bá wọgbó láìyẹ ìbọn wò, ẹran ló lọ bá ṣeré.

"Alùpùpù ńkọ́?"

"Mo ti fún un lóúnjẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú oúnjẹ tó fún un. Ọdẹ́jìmí gbà pé irin ni ṣéènì, Ògún ló ni irin, Ògún sì ń jẹ epo pupa. Nítorí náà, láti ọdún méje tó ti ra Ẹfọ̀n, gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń bu epo pupa sórí ṣéènì, ó ń kí i, ó ń wúre. Eruku lẹ̀ mọ́ epo, ewé lẹ̀ mọ́ eruku, ìyẹ́ adìyẹ lẹ̀ mọ́ ewé. Ṣéènì náà ti dà bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó tún so ońdè kan mọ́ ọwọ́ alùpùpù nítorí jàǹbá, ó wé okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, okùn ọ̀hún sì fún wáyà búréèkì lọ́rùn tó fi jẹ́ pé búréèkì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan kan mọ́. Ohun tó so mọ́ ọn nítorí jàǹbá ló ń pe jàǹbá bọ̀.

Rábíátù bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó fọwọ́ kàn án, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ìsọ̀ mú. "Baba, ẹ má bínú sí mi. Ojúbọ Ògún là ń bu epo Ògún sí. Ṣéènì kì í jẹ epo pupa. Ọdún méje lẹ ti fi ń há a lọ́fun."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ lára Ẹfọ̀n, ó dì í sí etí ìró rẹ̀. "Ó di àárọ̀ ọ̀la."

Inú bí Ọdẹ́jìmí. "Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù mí kù."

"Méjì lẹ máa fi rìn. Ẹ fún mi ní ẹyọ kan."

"Bí o bá dá mi dúró, tí mi ò bá bá ìsọmọlórúkọ, ọrùn rẹ ló wà."

"Bí mo bá jẹ́ kẹ́ ẹ lọ báyìí, tẹ́ ẹ ò débẹ̀ rárá, ọrùn ta ni ìyẹn máa wà?"

Ọdẹ́jìmí sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó di ojú rẹ̀ bí ẹni tó mu ewúro. Ṣùgbọ́n ó jókòó. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í sì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ó rò pé òun yóò jókòó máa wòran ni, àṣé kò tíì mọ Rábíátù. Obìnrin náà ní àṣà kan nínú ìsọ̀ rẹ̀: ẹni tó bá ń lọ ọ̀nà jíjìn, òun ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú alùpùpù rẹ̀, òun ni yóò sì tò ó padà, Rábíátù yóò kàn máa nàka ni. Ó gbé sípánà lé olórí ẹgbẹ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ó ní, "Ìbọn tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín tú, ṣé ẹ kì í mọ ibi tó ti ń dùn ún? Bẹ́ẹ̀ náà ni eléyìí."

Báyìí ni Ọdẹ́jìmí ṣe kúnlẹ̀ níwájú Ẹfọ̀n láti àárọ̀. Ó fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì títí irin fi yọjú, ó sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á lára. Ó da ọ́ìlì àtijọ́ nù nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tó dúdú ju aró lọ, ó rọ tuntun. Ó tú okùn ońdè, ó pààrọ̀ wáyà búréèkì, Rábíátù sì ní kó gbé ońdè náà sápò bó bá wù ú, pé àpò ò ní búréèkì. Ó yọ tíúbù méjèèjì, ó tì wọ́n bọ inú omi láti wo ibi tí yóò ti hó, ó lẹ ihò kan tó rí. Ó mú gbogbo nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fún wọn le. Nígbà tó sì yí Ẹfọ̀n jáde pẹ̀lú táyà tútù, ó rí i pé ojú ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan fi kan ilẹ̀ kékeré gan-an. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ó wò ó títí.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Rábíátù fi orí sípánà gígùn kan ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ sí etí, ó gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ àròyé. "Ó ti ń mí dáadáa." Ó wá di ẹrù kékeré kan fún un: wáyà kan, ìdè ṣéènì kan, pọ́lọ́ọ̀gì kan, gọ́ọ̀mù àti ohun ìlẹ̀ tíúbù, àti pọ́ọ̀ǹpù kékeré tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn. Ó ní kò gbọdọ̀ yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Ọdẹ́jìmí ń di ẹrù rẹ̀, ó ti kó àwọn sípánà tirẹ̀ sí i. Òyà gbígbẹ ńlá kan tó fẹ́ fi kí àna ò wọnú àpò. Ó tì í, ó tì í, kò wọlé. Ó wo òyà, ó wo pọ́ọ̀ǹpù. Ó ní àwọn táyà tí òun fi ọwọ́ òun tò yìí, ta ni yóò jo nínú wọn? Ó yọ pọ́ọ̀ǹpù sílẹ̀, ó ki òyà bọ àpò. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ì bá mú òyà.

Kò pẹ́ tó wọnú igbó tó fi kan ẹnubodè. Òkìtì kan ló rí níwájú, ó ga ju ilé lọ, kìkì alùpùpù tó ti kú, kẹ̀kẹ́ tó ti dìpẹtà àti ọkọ̀ tí igi ti hù nínú wọn. Lókè òkìtì náà ni Oníbodè jókòó sí, iwin olórí kọǹdọ̀ kan tó ní ojú mẹ́ta, tó ń fi èkejì sùn. Ní ìdí òkìtì, àwọn ènìyàn jókòó lọ kítikìti, irùngbọ̀n wọn ti kanlẹ̀, oníkálukú di ọwọ́ alùpùpù tirẹ̀ mú. Ọ̀kan nínú wọn kí Ọdẹ́jìmí, ó ní, "Baba, ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ ní sípánà kẹwàá lọ́wọ́, èyí tó ń fún nọ́ọ̀tì kékeré le?"

Oníbodè ní, "Má dá a lóhùn. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń wá a. Gbogbo àwọn tó o rí yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ kí wọ́n tó kúrò nílé: 'Á gbé mi débẹ̀.' Ìyẹn la fi ń pe igbó yìí ní Àìdébẹ̀. Ìwọ náà, dá mi lóhùn kí o tó kọjá. Nígbà tí o bá ń sáré lórí irin rẹ, kí ló so ẹ̀mí rẹ mọ́ ilẹ̀, báwo ló sì ṣe tóbi tó?"

Ọdẹ́jìmí kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé ìbọn ni. Ó fẹ́ sọ pé ońdè ni. Ẹnu rẹ̀ ti ń là tó fi rántí ojú táyà tútù ní ìsọ̀ Rábíátù. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ṣí wọn. "Nǹkan méjì ni. Ọ̀kan iwájú, ọ̀kan ẹ̀yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tó àtẹ́lẹwọ́ mi."

Ojú kejì Oníbodè là. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣọ́ bodè, ẹni kẹta tó mọ ìdáhùn ìbéèrè náà nìyí, pé obìnrin sì ni àwọn méjì àkọ́kọ́. Ó yà fún un. Kí Ọdẹ́jìmí tó kọjá, ó ju sípánà kẹwàá tirẹ̀ sí ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn. Ẹ ò gbọ́ ìdùnnú. Ọkùnrin náà fún nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo le, alùpùpù rẹ̀ hó gèè, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn. Mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ò kọ́kọ́ dá a mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iwin kan fò gùn ún lẹ́yìn. Yára lorúkọ rẹ̀, ó tín-ín-rín, ètè rẹ̀ gùn, etí ènìyàn ló sì máa ń sọ̀rọ̀ sí. "Ọdẹ́jìmí, wọ́n ti ń pọn omi ìsọmọlórúkọ. Ọdẹ́jìmí, wọ́n ti ń tẹ́ ẹní. Ṣé o ò lè sáré ni?" Ọkàn Ọdẹ́jìmí ò balẹ̀ mọ́, ó yí epo sí i. Wọ́n dé orí òkè kan tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, odò dúdú kan la ẹnu sílẹ̀ nídìí rẹ̀, kò sí afárá, ẹsẹ̀ ọ̀nà kan ṣoṣo ló yà sápá òsì kí èèyàn tó kan omi. Yára ní, "Sáré, wọ́n ti ń gbé ọmọ jáde." Ẹfọ̀n ń já lọ bí òkúta. Ọdẹ́jìmí di búréèkì mú díẹ̀, ó tún dì í mú díẹ̀ sí i. Wáyà tuntun fà, búréèkì mú, Ẹfọ̀n dúró sí etí omi gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n Yára ò ní búréèkì. Ó fò kọjá lórí Ọdẹ́jìmí, ó já sódò, ohùn rẹ̀ ṣì ń sọ fún àwọn ẹja pé kí wọ́n ṣe kíá. Ọdẹ́jìmí yà sápá òsì. Ó ní òun ò tíì fẹ́ràn obìnrin kan nínú ayé òun, yàtọ̀ sí ìyàwó òun, bí òun ṣe fẹ́ràn Rábíátù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ìjàlọ dé. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀ o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ajá, wọ́n bo ọ̀nà láti igi dé igi, ọba wọn sì wà láàárín. Ọba ìjàlọ na ìwo rẹ̀ sí Ẹfọ̀n. "Ọdún méje ni òórùn epo pupa ti ń ti Òkè-Ìṣin fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn baba wa sọ fún wa pé lọ́jọ́ kan epo náà yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Oúnjẹ ti dé." Wọ́n bo ṣéènì. Ẹni tó kọ́kọ́ bù ú jẹ tutọ́. Ẹnìkejì bù ú jẹ, ó fi ẹnu nulẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ yí padà, ó bi Ọdẹ́jìmí léèrè ẹni tó ṣe irú ìkà yìí sí oúnjẹ. Ọdẹ́jìmí ní obìnrin kan nílé wa ni. Ìjàlọ gbé ìbànújẹ́ wọn lọ. Àwọn ọ̀gá ọdẹ, ẹ rò ó wò bí epo ọdún méje yẹn bá ṣì wà níbẹ̀. Wọn ì bá jẹ ṣéènì, wọn ì bá jẹ Ẹfọ̀n, wọn ì bá sì fi olórí ẹgbẹ́ pa ẹnu dà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́ bá a ní etí igbó. Ó ti ń rí òkè Ìdòfẹ̀ lókèèrè, ó ti ń kọrin, ó ti ń to orúkọ lẹ́nu, nígbà tí ẹ̀gún igi iwin kan gún táyà ẹ̀yìn. Atẹ́gùn jáde fùú. Ọdẹ́jìmí sọ̀ kalẹ̀. Kò fòyà, ó mọ iṣẹ́ náà báyìí. Ó yọ táyà, ó fa tíúbù jáde, ó lẹ ihò, ó tò ó padà. Ó wá na ọwọ́ sínú àpò láti mú pọ́ọ̀ǹpù, ó sì fa òyà gbígbẹ jáde.

Ó wo òyà. Òyà náà wò ó. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ọkùnrin níwájú kìnnìún, mo ti rí ọkùnrin níwájú àna tó ń bínú, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìmí sọ fún mi pé òun ò tíì mọ ìtìjú rí bí ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ó ti Ẹfọ̀n dé ìlú kékeré kan nítòsí. Ìlú Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni. Àwọn ará ibẹ̀ kì í mí jáde bó bá ṣe wù wọ́n. Èémí ni ọlá wọn. Oníkálukú kó tirẹ̀ sẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba wọn sì tó agbè méjì. Wọn kì í sọ̀rọ̀, kí ọlá má baà jò. Ìyá arúgbó kan nìkan ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti rọ̀, ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú.

Ọdẹ́jìmí dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé pé atẹ́gùn díẹ̀ ni òun ń wá. Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, atẹ́gùn pọ̀ níbí, ẹni tó máa fún ọ ni ò sí. Kò sóhun tó lè mú un jáde lẹ́nu wọn àfi ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan nígbà èwe mi, mo sì tòṣì. N kò kábàámọ̀ rẹ̀."

Inú Ọdẹ́jìmí dùn. Ọ̀rọ̀ sísọ, ta ló tún tó o? Wọ́n pe ọba, gbogbo ìlú péjọ. Ọdẹ́jìmí fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe pa ẹfọ̀n méje. Ó fò, ó ba, ó yin ìbọn ẹnu. Wọ́n ń wò ó lásán. Ó sọ bó ṣe fọwọ́ lásán mú ẹkùn. Ọba wo ojú ọ̀run. Oòrùn ń gòkè. Ó sọ bó ṣe bá ọ̀nì jìjàkadì, ó gbàgbé pé òun ò mọ odò wẹ̀, ọmọdé kan láàárín wọn sì fi imú sùn.

Okun tán nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀, ó ro ti Ọdẹ́fúnkẹ́ tó ń fetí sílẹ̀ láti àárọ̀, omijé sì yọ lójú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún ìlú mọ́, ìyá arúgbó nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ìyá, ẹfọ̀n mẹ́fà ni mo pa. Ẹkùn yẹn, ológbò ni. Ọdún mọ́kànlá ni ọmọ mi fi wá ọmọ. Obìnrin kan fún mi ní pọ́ọ̀ǹpù, ó ní n kò gbọdọ̀ yọ ọ́, mo sì yọ ọ́ torí kí n lè gbé òyà. Ọdún méje ni mo fi ń fún ṣéènì lépo pupa jẹ, mo ń kí i pé ṣé ó yó."

Ìyá náà ní, "O ń bi ṣéènì bóyá ó yó?"

"Gbogbo ọjọ́ ọjà. N óò tún dúró díẹ̀ bóyá yóò dáhùn."

Èjìká ọba gbọ̀n. Ìyá arúgbó pariwo pé, "Gbé táyà dé ẹnu rẹ̀ kíá." Ọdẹ́jìmí yí Ẹfọ̀n, ó ti ẹnu tíúbù sáàárín ètè ọba gẹ́lẹ́ bí ẹ̀rín ọdún gbọọrọ ṣe bú jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré, táyà le koko. Ìlú bá ọba rẹ́rìn-ín. Aṣọ fò lórí okùn, adìyẹ fò kọjá òrùlé, àwọn tí ò tíì sọ̀rọ̀ rí ń sọ fún ìyàwó wọn pé wọ́n mà lẹ́wà. Atẹ́gùn ẹ̀rín náà gbá Ọdẹ́jìmí lẹ́yìn, ó gbé òun àti Ẹfọ̀n, táyà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Ó ju òyà sílẹ̀ fún wọn bó ti ń lọ.

Ní Ìdòfẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹní. Baba Láníhùn, àgbà ilé ọkọ Ọdẹ́fúnkẹ́, ti sọ orúkọ tiwọn, ó ti mú abọ́ omi lọ́wọ́, ó ń wo òjìji ara rẹ̀ tó ti kéré dé abẹ́ ẹsẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, a ti dúró tó. Ó ku díẹ̀ kí oòrùn kọjá."

Ọdẹ́fúnkẹ́ ní, "Ẹ jọ̀wọ́ baba, mo gbọ́ ọ."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọ́n gbọ́ ọ, ìró ẹ́ńjìnnì tó ń mí dáadáa, Ọdẹ́jìmí sì yọ ní orí pápá. Ó sọ̀ kalẹ̀, eruku bò ó, ó dọ̀bálẹ̀ kí Baba Láníhùn, ó na ọwọ́ sí ọmọ. Gbogbo ènìyàn rí ọwọ́ náà. Ọ́ìlì ti sọ ọ́ di dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n bu omi, wọ́n mú ọṣẹ wá, ó fọ̀ ọ́, kò mọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi kànrìnkàn ha á, kò mọ́.

Baba Láníhùn ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nílé yìí, ọwọ́ dúdú kì í gbé ọmọ tuntun. Aṣọ funfun ló wà lára rẹ̀." Kò fi ìbínú sọ ọ́, inú òun náà bàjẹ́. Òjìji rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ọdẹ́fúnkẹ́ dìde lórí ẹní, ó kúnlẹ̀ níwájú àgbà náà. "Baba, ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ yìí ló gbé baba mi débí. Ọdún mọ́kànlá ni aṣọ funfun yẹn ti wà nínú àpótí mi, kò sí àbààwọ́n kankan lára rẹ̀, n kò sì láyọ̀ lọ́jọ́ kan nítorí pé ó mọ́."

Baba Láníhùn wò ó. Ó wo ọmọ. Ó gbé abọ́ omi sílẹ̀, ó ní, "Gbé e fún un."

Ọdẹ́jìmí gbé ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, ó pe orúkọ náà jẹ́ẹ́jẹ́, ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: Ọdẹ́rẹ́rìn-ín. Kò fi ẹfọ̀n kankan kún un. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀méje lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn sì kan àtàrí. Ọdẹ́jìmí sunkún níwájú àna rẹ̀, kò fi ojú pamọ́.

Ibi tí mo bá ìtàn náà dé nìyí, omi ló kù kí ẹ fún mi. Wọ́n fọ aṣọ ọmọ náà lọ́jọ́ kejì, wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kẹta, ojú ìka mẹ́wàá ò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Ọdẹ́fúnkẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n má fọ̀ ọ́ mọ́, kí àmì náà má baà lọ.